Kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Mi Ló Ṣáájú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun mọ, kó gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba àárín oko olóko, nílẹ̀ tí àwọn méjèèjì ò ti gbọ́ èdè. Èmi ti ṣe é. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ní Jámánì, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè sọ pé òun nìkan ló ń bí mi nínú.

Bíríkìlà ni bọ̀dá mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi to bíríkì ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó fẹ̀yìn tì. Tẹ́ ẹ bá bá a rìn láti Peckham dé Elephant and Castle, ọjọ́ á lọ mọ́ yín lọ́wọ́, torí kò sí ògiri tí kò ní bá ṣẹjọ́. Èyí wọ́. Símẹ́ńtì tìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹni tó kọ́ tọ̀hún ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní ti àwọn ilé gogoro tí wọ́n ń kọ́ ní Elephant báyìí, ó ní páálí lásán ni wọ́n ń gbé kọ́ ara irin. Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì gba Old Kent Road lójoojúmọ́ ayé, ògiri ni mò ń rí, mi ò rí ẹjọ́ kankan lára wọn.

Ojú rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ ìrìnàjò yìí sílẹ̀. Àrùn tó fọ́ bàbá wa lójú ló ti ń yọ́ wọ ojú tirẹ̀ náà. Ó ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì máa ń dá lọ sí ọsibítù. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá dé, tí a bi í léèrè, á ní, “They're monitoring it.” Ó tán. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́wọ́ fún wa ni pé èyí tó bá ti lọ nínú ìríran òun kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ka ìwé ìròyìn láìlo awò, a sì fìyẹn tan ara wa pé àyè ṣì wà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nílé rẹ̀, wọ́n ń fi ilé olódi kan ní Jámánì hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí láyé ọjọ́un, igbó yí i ká, odò kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀. Wọ́n ní kò sí ogun tó wó o rí. Bọ̀dá mi dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Wo òkúta yẹn,” ó ní. “Kò sí méjì tó dọ́gba, but it's standing. Mo gbọ́dọ̀ rí ògiri yìí kí ojú mi tó ṣú. Not on TV o. Níbẹ̀ gan-an.”

Bó ṣe di pé èmi ni mo ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Àwa méjèèjì la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sunday ní Peckham Rye, a sì máa ń gba òkè Dulwich tí ẹsẹ̀ bá yá. Mo wo máàpù, mo rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò le. Òkè kéékèèké ni, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì gba inú igbó àti oko àjàrà kọjá. Ọjọ́ méjì ni a ó fi máa gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, a ó dé ilé olódi. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ ojú irin á gbé wa padà sílé.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, pè mí sí kíṣìnnì lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Obìnrin yìí ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mi ò sì lè bá a jiyàn.

“Ìwọ ni kó o wà níwájú o,” ó ní. “Please. Má jẹ́ kó lead. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní sọ òótọ́ ojú ẹ̀ fún anybody, including me.”

“Ẹ má worry, ma,” ni mo wí.

A wọ ọkọ̀ ojú irin, a tún wọ òmíràn, a sì dé ìlú kékeré kan létí odò níbi tí wọ́n ti ń yáni ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni, táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín, jíà rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí mo lè lò lọ. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà so fóònù mi mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tèmi, máàpù hàn lójú rẹ̀ kedere. Mo gun kẹ̀kẹ́, ó ku kí n ṣí. Bọ̀dá mi wúkọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ikọ́ ẹyọ kan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ti fẹnu ara mi sọ pé, “Ẹ máa lọ níwájú, sà.”

Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham ò ní ṣe irú àṣìṣe yìí. Ọmọ mi obìnrin ì bá ti kọjá lára rẹ̀ fìọ̀, á ní, “Uncle, follow me, innit.” Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, èèyàn kì í gba iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá láìtọrọ gáfárà, kí á má tilẹ̀ wá sọ pé kó máa dà á lọ bí ẹni da ewúrẹ́.

Ilẹ̀ náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Òkè níbẹ̀ kì í ga, ó kàn ń dìde, ó ń rọra wálẹ̀, bí ara ẹni tó ń sùn. A kọjá níwájú ilé ìjọsìn àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó lọ, tí koríko ti hù níbi tí àwọn èèyàn ti ń kúnlẹ̀ nígbà kan. A gba orí afárá olókùúta, a gba àárín àwọn abúlé tí igi hàn lára ògiri ilé wọn bí egungun ìhà. Ní gbogbo ibẹ̀ ni bọ̀dá mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti fọwọ́ pa ògiri lára. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tó ń bí mi nínú ni oríta.

Ní oríta kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi pátákó kékeré aláwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí i, ó sì júwe ibi tí a ó yà sí. Ọmọ ọdún márùn-ún á rí i. Bọ̀dá mi á gùn ún kọjá lára pátákó náà ṣàn-án, bí ẹni pé wọn ò rì í síbẹ̀ rárá. Èmi á wà lẹ́yìn, fóònù á máa ké pé ká padà. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó ti ṣìnà? Mo gbìyànjú pé, “Bọ̀dá, ṣé kò ti rẹ̀ yín? Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀.” Á sinmi, á mu omi, á sì tún ṣí lọ sí ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Mo tún ní, “Ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa yẹn mà dára o.” Ó ní, “Ó dára lóòótọ́.” Ó ń lọ.

Nígbà tó yá, mo ṣe ọkàn gírí. “Ṣé ká check máàpù, sà?”

“Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà,” ó ní. “Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Leave that phone.”

Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ìṣìnà ò pa wá lára ju pé a dé ibi tí a ó sùn nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ọjọ́ kẹta lọ̀rọ̀ wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé olódi náà, mo sì ti sọ fún un nígbà mẹ́ta kí a tó kúrò nílé àlejò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la gbéra. Ká ní a tọ ọ̀nà wa ni, à bá ti débẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ní oríta kejì, ó kọjá lára pátákó, ó sì kó sí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ọ̀nà náà dùn ún gùn, ó tẹ́jú, ó ń dà lọ sísàlẹ̀ títí, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wa lára. Inú bọ̀dá mi dùn, ó ń kọrin. Èmi ń wo fóònù, mò ń rí i bí ilé olódi ṣe ń lọ sẹ́yìn wa, mo sì mọ̀ pé gbogbo ibi tí a sọ̀ ni a ó tún gùn padà.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Bàbá yẹn ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí a tó jẹun ọ̀sán. A dúró kírun Àìlà létí oko àjàrà kan, ó sì ní kí n fi fóònù wo ibi tí gábàsì wà. Mo wò ó, mo júwe, kò jiyàn, ó kọjú síbẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò mọ iye ràkáà tí a kí. Fóònù tó mọ ọ̀nà Mẹ́kà láti ibi yìí, òun náà ni kò mọ ọ̀nà òkè kejì!

Nígbà tí a kírun tán, mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń so igi àjàrà rẹ̀ mọ́ òpó. Mo fi àwòrán ilé olódi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wa, síbi tí a ti ń bọ̀. Bọ̀dá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ríba fún un, ó sì wí fún mi pé, “Kò yé e.” Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ síwájú.

Níbi géètì oko náà ló ti fi èjìká gbá òpó. Òpó náà ga jù mí lọ. Kẹ̀kẹ́ yí, ó ṣubú sínú koríko. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo gbé e dìde. Kò fara pa, àfi èékánná rẹ̀ kan tó ṣẹ̀jẹ̀.

“Ta ló ri òpó síbẹ̀ yẹn?” ó ní. “Useless workmanship.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ni mo wí. Ohun tí mo rí nìyẹn láti wí. Ẹni tí òpó tó ga tó báyìí fara sin fún, mo bá a bu òpó.

Ó ti di aago mẹ́ta kọjá kí ohùn mi tó jáde. A ti wà ní òdìkejì àfonífojì pátápátá. Mo pariwo, “Bọ̀dá, ẹ dúró! Ẹ ti ṣìnà! Láti àárọ̀ lẹ ti ṣìnà!” Mi ò pariwo mọ́ ọn rí láyé mi. Ó fa bíréèkì, kò wẹ̀yìn. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, ó sì dúró dè mí kí n kọjá. Mo kọjá síwájú.

A gun òkè náà, a sọ̀, a ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a fi máa yọ síbi tí igbó ti là, ó ti kọjá aago márùn-ún. Ilé olódi náà ló wà lókè lọ́hùn-ún, níwájú wa, lápá ọ̀tún, àfonífojì kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí i, gbogbo òkúta ara rẹ̀ hàn. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ wa á gbéra ní ìdájí. Ibi tí a lè sún mọ́ ọn dé nìyẹn.

Mo ní, “Òun nìyẹn, sà.”

Bọ̀dá mi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó gbé ojú sókè. Ó wò ó pẹ́.

“Mo rí i,” ó ní. “Ògiri gidi nìyẹn. Alhamdulillah.”

Igi ló ń wò. Apá òsì ló kọjú sí, síbi tí kò sí ohunkóhun ju igbó àti òpó iná. Ohùn rẹ̀ dùn gan-an, bí ti ẹni tó ń ki ara rẹ̀ láyà. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ti dé mi létè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ti ń sọ ọ́, kò sì sí ohun tó rọrùn bíi kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a wá ibi sùn, kí a máa lọ sílé.

Mo ju kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di orí ẹ̀gbọ́n mi mú. Àgbà ni, ọwọ́ mi ò kan orí rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti dáyé. Mo rọra yí i sápá ọ̀tún, mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ògiri náà lè bọ́ sí àárín ojú rẹ̀ tó ṣì ń ríran, mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ìgbà tó rí i, torí ọrùn rẹ̀ le mọ́ mi lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka ẹsẹ òkúta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń kà á lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó kà á títí dé òkè.

“Ọjọ́ mẹ́ta lo fi wà lẹ́yìn mi,” ó ní. “Kí lò ń dúró dè?”