Ìwé Tó Kọ́ Mi Kí N Má Sunkún Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti gbé e pamọ́ sínú, ẹ̀yin lẹ wá fà á jáde.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ̀ ń jiyàn lórí ìkànnì yìí nípa àwọn ọmọbìnrin inú ìwé ìtàn tí ẹ kà nígbà èwe yín? Ọ̀kan ní òun fẹ́ràn èyí tó láyà. Èkejì ní òun fẹ́ràn èyí tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Mò ń kà á, mò ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ẹnì kan kọ ọ́ pé èyí tí kì í sunkún ni tòun. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu mi. Mo mọ irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó sọ àbúrò mi di ẹlẹ́sẹ̀ kan!

Ọmọ Èrìò ni mí. Bàbá wa ń ṣe oko kòkó, Màámi ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì níwájú ilé. Àwa méjì péré ni wọ́n bí tó yè: èmi Fúnmiláyọ̀, àti Mọ́rẹ́nikẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Mọ́rẹ́ là ń pè é. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mò ń wí. Mo wà nílé ìwé Mọ́dáànù, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn pírámárì, ní Aramọkọ, mò ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan wa kan níbẹ̀.

Tíṣà wa kan ní àpótí tó kún fún ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń yá wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ èyí tó kàn mí, torí ẹjọ́ ìwé kọ́. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló wà nínú rẹ̀, nílùú òyìnbó. Bàbá rẹ̀ kú. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gé ètè jẹ, omi ò kán lójú rẹ̀. Gbogbo àgbà tó wà nínú ilé wá ń wò ó tìyanutìyanu, wọ́n ní irú ọmọ wo rèé!

Háà, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn! Mo ka ojú ewé náà títí ó fi fẹ́ ya. Mo wá wo àwa tiwa ní Èrìò. Ìyàwó ń lọ sílé ọkọ, ẹkún. Ọmọ ń wọ lọ́rì lọ sílé ìwé, ẹkún. Ewúrẹ́ ẹnì kan sọnù, ẹkún náà ni! Ojú tì mí. Mo ní àṣé àwa yìí ò tíì lajú. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí wọ́n ṣì ń fọṣọ fún!

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, màá gé ètè jẹ, màá ka wáànù dé téènì nínú ikùn mi. Tíṣà nà mí lẹ́gba mẹ́fà lọ́jọ́ kan, mi ò ṣe bí ẹni tó gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ojú mi ti le jù. Ìyìn ni mo kà á sí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbúrò bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá sílé ìwé. Kò wọlé. Ó dúró sábẹ́ igi, ó ní kí wọ́n bá òun pè mí. Ó ní ara Màámi ò yá díẹ̀, ká máa lọ sílé. Ṣé ẹ mọ "ara ò yá díẹ̀" tàwọn àgbà? Mo ti mọ̀ ká tó kúrò ní Aramọkọ. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ni mo ti ń gé ètè jẹ. Ibà ọjọ́ márùn-ún péré ló pa ìyá mi. Kò tíì pé ogójì ọdún.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Màámi lọ́mọ, wà nínú yàrá, àwọn obìnrin rọ̀gbà yí i ká, torí wọn kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ rẹ̀. Etí nìkan ló fi ń tẹ̀ lé ohun tó ń lọ níta. Ní agbo ilé wa, ọmọbìnrin tó dàgbà jù ló máa ń pe oríkì ìyá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kí àwọn yòókù tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wọn ń dúró dè mí. Ìyá Àgbà náà ń dúró dè mí.

Èmi ńkọ́? Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ má bínú sí mi, òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ikú Màámi ń dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn díẹ̀ pé mò ń ṣe é dáadáa. Mò ń yọ́ ojú wò bóyá àwọn èèyàn ń wò mí. Wọ́n kúkú ń wò mí! Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe wo tinú ìwé. Ẹ̀gbọ́n Màámi kan ní kí n sunkún, ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òmíràn ní àbí jìnnìjìnnì ló bá ọmọ náà. Ẹnì kan wá sọ ọ́ sétí ẹnì kejì pé ilé ìwé ti gba ọkàn ọmọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò mira.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní, "Ọma mi, mi ò gbọ́ ohùn rẹ." Ọma làwọn àgbà wa ń pe ọmọ. Mo dá a lóhùn pé kò séwu. Kò séwu kẹ̀? Ìyá mi ti wọlẹ̀, mo ní kò séwu! Ìyá Àgbà fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ká ní ó mọ sórí èmi nìkan ni, ǹ bá má wulẹ̀ da yín láàmú. Mọ́rẹ́ ló tọ̀ mí wá, ẹkún ti fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ̀, ó ń béèrè Màámi. Dípò kí n gbé ọmọ mọ́ra, mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo ní kó dákẹ́. Mo ní ọmọ tó gbọ́n kì í sunkún. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ètè jẹ, bí wọ́n ṣe ń ka wáànù, tuu, tirí. Kò dákẹ́. Ni mo bá parọ́ fún un. Mo ní Màámi ń gbọ́ wa níbi tó wà, pé gbogbo ìgbà tó bá ti sunkún ni ara á máa ni Màámi. Kíá ló pa ẹnu dé. Ó wá bi mí pé bí òun bá fara pa ńkọ́? Mo ní bó tilẹ̀ fara pa.

Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo padà sí Aramọkọ ní tèmi.

Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó fún wa ní ìsinmi díẹ̀, mo wálé. Gbogbo ará ilé ló ń yin Mọ́rẹ́. Bàbá wa ní ọmọ náà ò yọ òun lẹ́nu rárá, kì í sunkún, kì í béèrè nǹkan, jẹ́ẹ́ ló máa ń jókòó. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn! Ìgbà tó wá dìde láti wá kí mi, mo rí i pé gìgísẹ̀ ọ̀tún nìkan ló fi ń tẹlẹ̀. Ó ti fi àkísà wé ẹsẹ̀ náà.

Mo tú àkísà. Òórùn tó jáde níbẹ̀! Ẹsẹ̀ ti wú kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ìka méjì ti dúdú. Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún un lóko, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan. Bàbá wa ní òun rí àkísà náà, òun sì bi í, ó ní kò dùn òun, òun bá rò pé eré ọmọdé ni. Èmi náà bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí:

"Àǹtí, ẹ ní ara á ni Màámi."

Ká ní ilẹ̀ lanu níjọ́ yẹn ni, ǹ bá wọ ọ́.

Bàbá wa gbé e kọ́ èjìká, a wọ lọ́rì tó ń kó kòkó, a di ọsibítù. Wọ́n ní ẹnì kan péré ló lè bá ọmọ wọlé. Bàbá wa ní kí n wọlé, torí èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó di fìlà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ojú rẹ̀ ò dùn. Ó ní bí ẹran ara bá ti kú dé ọrùn ẹsẹ̀, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kó má baà pa á. Ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìka lọ sókè, ibi tó bá ti dùn ún ni ẹran ara ti wà láàyè. Ó tẹ ìka. Nọ́ọ̀sì bi Mọ́rẹ́ bóyá ó dùn ún. Mọ́rẹ́ ní rárá. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Rárá. Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀. Rárá! Ọmọ náà le gbandi lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó, ẹ̀jẹ̀ ti yọ ní ètè tó ń gé jẹ. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì: wáànù, tuu, tirí.

Dókítà mi orí. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé láàárọ̀ ọ̀la làwọn máa gé e.

Mo kígbe pé irọ́ ni, ó ń dùn ún! Nọ́ọ̀sì ní kí n panu mọ́, ẹlẹ́sẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ Mọ́rẹ́. Mo ní kó sunkún, mo ní irọ́ ni mo pa fún un lọ́jọ́sí, Màámi ò ní bínú. Ó mi orí. Báwo ló ṣe máa gbà mí gbọ́? Èmi tí mò ń sọ ọ́, ojú mi gbẹ táútáú.

Ẹ wò ó, mi ò ro ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Ẹnu mi ló là. "Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́ mi! Màámi, ta lẹ fi wá sílẹ̀ fún?" Oríkì tí gbogbo ilé dúró láti gbọ́ lẹ́nu mi ní Èrìò, orí sìmẹ́ńtì ọsibítù ni mo ti pè é. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ju gèlè nù, mo sunkún ìyá mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo gbọ́ tí Bàbá wa náà bú sẹ́kún lóde.

Mọ́rẹ́ ń wò mí, ó ń wò mí. Lójijì ló pariwo "Màámi!" Ẹkún tó ti kó jọ láti oṣù kan, ó tú u dà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ lé mi jáde, dókítà dá a dúró. Ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mọ́rẹ́ ké pé ó ń dun òun! Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Igbe! Ó tẹ ìsàlẹ̀ ìka. Igbe gidi! Mi ò gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi tó igbe yẹn láyé mi.

Ìka méjì ni wọ́n gé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Títí Bàbá wa fi kú ló ń fi Mọ́rẹ́ yangàn fún àlejò, pé ẹ̀gún jẹ ọmọ òun lẹ́sẹ̀, kò wí. Èmi á jókòó níbẹ̀, màá máa gbọ́ ọ. Mi ò sọ fún un rí pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Kí n tó gbé ọ̀rọ̀ yìí síbí, mo kà á fún Mọ́rẹ́ lórí fóònù. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ó ń ta aṣọ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní mo ṣi ibì kan kọ. Ó ní kì í ṣe ìrora ẹsẹ̀ ló pa òun lẹ́kún lọ́sibítù lọ́jọ́ náà. Ó ní gbogbo ayé ló sunkún nígbà tí wọ́n sin Màámi, àfi èmi, èmi tí mo sì kàwé jù nínú ilé. Òun bá rò pé mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀, pé Màámi ṣì ń bọ̀. Ó ní ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ tí mo pe Àjíkẹ́ lòun tó mọ̀ pé kò ní í wá mọ́.

Gbogbo ọdún yìí, mi ò mọ̀!

Mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò sì ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kí ọmọdé má kàwé ìtàn. Kí wọ́n kà á! Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ló fún ọmọbìnrin yẹn ní ìwà tó wù ú, kò fún un ní àbúrò tó ń wò ó lẹ́nu. Èmi ní àbúrò. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, báwọn baba wa ṣe wí, àmọ́ èmi ti rí i pé tara ẹlòmíràn náà lè bá a dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ̀wé fún àwọn ọ̀dọ́, bí ẹ bá dá akọni sínú ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí ibi tó ti sunkún.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ta lẹ rí nínú ìwé tí ẹ fẹ́ dà bíi rẹ̀, ta ló sì jìyà rẹ̀ nínú ilé yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Bó bá sì jẹ́ pé òkú kan wà tí ẹ ò tíì sunkún rẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.