Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Dọ̀bálẹ̀ Nídìí Mọ́tò

Òòlù ni ohun àkọ́kọ́ tí ọkọ mi gbé jáde. Káfíńtà ni, ó sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kò ní gbọ́ràn sí òòlù lẹ́nu. Ìdí ṣáàfù la wà láàárọ̀ Sátidé náà, níwájú ilé tí à ń gbé n'Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ṣáàfù ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà iwájú. Tiwa ti gbó. Bí mo bá ti yí sítíárì báyìí, á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Mọ́tò náà ti dàgbà. Bàbá mi ló fi ta mí lọ́rẹ kí n tó lọ́kọ, wọn ò sì gbà pé ẹni tí mo fẹ́ lè tọ́jú mọ́tò náà, ká má tíì sọ pé yóò tọ́jú èmi. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Yábàá. Lọ́yà ni wọ́n ń retí. Káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo mú wálé. Bó bá kí wọn, òkè àjà ni wọ́n máa ń wò dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mọ́tò ń dún, wọ́n pè mí lórí fóònù: "Tí kò bá lè tún un ṣe, kó dá a padà fún mi. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé." Ọkọ mi jókòó tì mí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gba ọjà Ládìípọ̀ lọ ra ṣáàfù tòkúnbọ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa dè é.

Èmi náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí bàbá mi dé bá mọ́tò tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wo ọkọ mi lójú, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà ló kọ́kọ́ fi ojú wa rí màbo. Ìpẹtà ti mú un. Ọkọ mi ki páìpù bọ ọwọ́ sípánà kó lè gùn sí i, ó gun orí rẹ̀, ó ń fò. Sípánà yọ, páìpù ta sókè, ó gbá a lójúgun. Ó bú mọ́tò, ó bú ẹni tó ṣe é, ó wá gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ nípàá títí ó fi tẹ̀ wọnú.

Mo ní, "Ṣé ilẹ̀kùn ló gbá ẹ ni?"

Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ẹnu mi kọ́ ló gun páìpù. Ó sọ sípánà mọ́lẹ̀, èmi náà sọ tọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé òòlù. Gbàgà! Gbàgà! Ó ń lu orí ṣáàfù bí ẹni ń lu olè, eruku ìpẹtà ń bọ́ sí wa lójú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo gba òòlù, mo lù ú tèmi, inú mi sì dùn sí i. Ìyá tó ń gbé lókè yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ̀yin tọkọtìyàwó yìí, ṣé ẹ̀ ń tún mọ́tò ṣe ni àbí ẹ̀ ń pa á?"

Ṣáàfù àtijọ́ gbà, ó jáde, ọ́ìlì gíà sì tú sílẹ̀ gbàà. A ki tuntun bọ̀ ọ́. Ó kù díẹ̀. Apá irin kan wà nísàlẹ̀ táyà tí a ti tú kí ṣáàfù lè ráàyè kọjá. Ìyẹn la gbọ́dọ̀ dá padà sáyè rẹ̀. Irin náà ń fipá ká sókè bíi pakuté. Ọkọ mi ki páìpù bọ̀ ọ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Èmi tí ìka mi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo na ọwọ́ sáàárín láti darí rẹ̀ sínú ihò.

"Má jù ú sílẹ̀ o."

"Ṣé orí mi dàrú ni?"

Géètì dún. "Ẹ kúuṣẹ́ o." Bàbá mi ni. Ọ̀sán tí wọ́n dá kò tíì pọ́n rárá.

Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti ju páìpù sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé wọn pé àna kì í wọlé kí èèyàn wà lórí ìdúró. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú ọ́ìlì. "Ẹ káàárọ̀ sà, Dádì! Ẹ kú àbọ̀ sà!"

Irin ká sókè. Mo gbọ́ bí ìka mi ṣe kán kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Igbe tí mo ké, mi ò mọ̀ pé mo ní irú ẹ̀ nínú. Ọkọ mi gbé orí sókè nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ṣùgbọ́n kò dìde, nítorí bàbá mi ò tíì ní kó dìde.

"Dìde! Dìde jàre!" ni bàbá mi wí.

Ó fò dìde, ó tẹ páìpù, ọwọ́ mi jáde. Ìka àárín ti yí síbi tí ìka kì í yí sí, èékánná ti lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ òsì ló ṣẹ́kù fún mi, òun náà ni mo fi gbá ọkọ mi létí. Gbòsà!

"Ọwọ́ òsì?" Bàbá mi ló ń pariwo. "O fi ọwọ́ òsì gbá ọkọ ẹ létí lójú mi?"

"Dádì, ìka mi ti kán!"

"Mo rí i. Ọsibítù là ń lọ. Kúnlẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná."

Wọ́n yọ áńkáṣíìfù funfun, wọ́n wo ọkọ mi lójú tààrà, wọ́n nu ọ́ìlì kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ. Áńkáṣíìfù ọlọ́ìlì náà ni wọ́n wá fi di ọwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níkùn mi ni mo sọ fún àwọn méjèèjì títí a fi rí ọkọ̀ tó gbé wa.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n di páìpù mú tí ọkọ mi fi parí iṣẹ́ náà. Mọ́tò ò dún mọ́. Ìka mi ò tẹ̀ mọ́. Ìyá òkè wò mí, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Mo ní ìka kì í ṣe ilé ọba, wọn ò sì ní bá mi kọ́ òmíràn.

Báyìí, bí bàbá mi bá dé, ọkọ mi ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè mi. Wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá na ìka náà sí ọkọ mi, á ní, "Bàbá ẹ ló wọlé. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Bàbá mi á ní àna gidi ni. Nínú àwọn méjèèjì, kò tíì sí ẹni tó bẹ̀ mí.