Ọjọ́ tí Màmá Wa Dá Ṣílẹ̀kùn fún Àlejò

Ọjọ́ tí màmá wa kọ́kọ́ dá ṣílẹ̀kùn fún àlejò nílé wa ní Bódìjà kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Etí wọn ti di. Bí a kò bá sí nílé, àlejò á kanlẹ̀kùn títí, á sì padà lọ. Èmi àti Bùkọ́lá àbúrò mi wá ṣe iná kan tí yóò máa ṣẹ́jú ní pálọ̀ bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnì ẹnu ọ̀nà. Fáìlì méjì lórí kọ̀ǹpútà la kọ ètò tó ń darí rẹ̀ sí: èmi kọ ti bọ́tìnì, Bùkọ́lá kọ ti iná. 'Aago' ni orúkọ tí a fún àyè tí ètò náà ń kọ ọ́ sí pé ẹnìkan ti tẹ bọ́tìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé náà, mo tẹ bọ́tìnì títí, iná kò ṣẹ́jú.

Màmá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ó ti mọ́ mi lára." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Bùkọ́lá tún fáìlì méjèèjì wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní 'aago' tiyín, èmi náà ní tèmi. Bí tiyín bá yí padà, tèmi ò mọ̀." Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó kọ 'extern', ìyẹn 'ó wà níta', síwájú orúkọ náà, kí fáìlì tirẹ̀ lè máa wo 'aago' inú tèmi.

Kò pẹ́ tí a jókòó ni iná ṣẹ́jú. Mo fẹ́ dìde, Màmá ní kí n jókòó. Wọ́n jáde, wọ́n sì fa ọ̀rẹ́ wọn láti Àpáta lọ́wọ́ wọlé, omi ti lé lójú àwọn méjèèjì.

Títí dòní, bí iná náà bá ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń bá Màmá du ilẹ̀kùn.