Iṣan Àbọ̀

Ìyá Oníbéèrè ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ya àwòrán ọpọlọ nílé ìwòsàn kan.

“Ẹ bá mi wo iṣan orí ìyá ọmọ tuntun yìí,” ni dókítà wí. “Apá rẹ̀ kan ti rọ.”

“Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, àbí èyí tó ń dá a padà?”

“Iṣan ni iṣan ń jẹ́, Ìyá Oníbéèrè.”

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bímọ, iṣan àlọ nìkan ni wọ́n wò. Ó mọ́ kedere, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ó ya méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan àbọ̀ pa. Dókítà sáré lọ wá oògùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n máa lọ sílé?” ni aláìsàn béèrè.

Ohùn àbúrò rẹ̀ ló gbọ́. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú.

“Má tíì lọ.”