Kànga Sàráà Ìgandó

Omi kànga náà tutù bí ẹni pé inú àmù ni wọ́n ti bù ú, ó mọ́ lójú, kò rùn. Bí mo bá ti rántí ọdún tí mo bá àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ ní Ìgandó, òun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé kò lè tún ṣe. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Gáńà, Kùtọnu àti ilẹ̀ wa ló pawọ́ pọ̀. Wọ́n ní ọ̀tá ìlú kì í ṣe ológun nìkan, pé àìsàn àti omi búburú kò mọ ẹnubodè, nítorí náà kí orílẹ̀-èdè kankan má dá a wádìí. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí gan-an. Mo ń tún un sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí, yálà ó fẹ́ gbọ́ àbí kò fẹ́.

Èmi ni mo ń mú wọn wọ ilé onílé. Ilé kan wà lẹ́yìn ààtàn ńlá, opó kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ti pinnu láti gbẹ́ kànga kí ikú tó dé. Nígbà tó kú, ìyá àti àwọn ọmọ gbẹ́ ẹ ní sàráà fún un, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ń mu níbẹ̀, kí láádá rẹ̀ máa bá a nínú sàréè. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a tó jókòó, ìyá ti bu omi fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gáńà wo kọ́ọ̀pù, ó wò mí. Ọ̀gá wa ará Kùtọnu, tó gbọ́ Yorùbá Kétu dáadáa, ní ààwẹ̀ lòun ń gbà. Ojú tì mí, mo gbé tèmi mu tán.

A rọ omi sínú ìgò, a gbé e lọ sí Kùtọnu láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú. Omi kan ṣoṣo tí ìyá mọ̀ pé wọ́n ń rọ sínú ìgò gba ẹnubodè kọjá ni omi mímọ́ tí àwọn àlàájì ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó ròyìn fún gbogbo èèyàn pé omi ọkọ òun ti dé Kùtọnu. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ láti Ìkọ̀tún.

Èsì dé: ohun tó ń ro láti ara ààtàn ti wọnú kànga. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi fẹnu kò. Wọ́n ń jiyàn lórí èdè tí wọn yóò fi kọ ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni àbí Faransé. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Mo bẹ ọ̀gá títí, ó sú u, ó ní kí n lọ sọ fún ìyá.

Ẹ̀wà ló ń ṣà nígbà tí mo dé. Mo sọ èsì náà fún un. Ó béèrè bí òun bá ń se omi náà ńkọ́. Mo ní sísè kò ràn án. Ó béèrè bóyá ìjọba yóò gbé omi ẹ̀rọ wá, n kò mọ̀. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo èyí tí wọ́n ti mu ńkọ́? Kí ló ń bá ọkọ mi nínú sàréè?”

Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè wò ó lójú. Mo ní màá bá a bi àwọn ọ̀gá mi.

Ó ní, “Jọ̀ọ́, bá mi bi wọ́n o.”

Mo bi ará Kùtọnu lóòótọ́. Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ìyá ti kànga pa. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ó ń sọ pé kànga ti gbẹ, kí wọ́n má baà bá ọkọ òun wí.

Àwọn olùwádìí ṣì ń pè mí sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Mo ń lọ, nítorí iṣẹ́ náà dára, ó sì yẹ ní ṣíṣe. Ìbéèrè ìyá nìkan ni n kò tíì mọ orílẹ̀-èdè tí mo lè gbé e lọ.