Àgbò Ìyá Àgbà àti Owó Gbà-má-bínú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Muṣin, ẹ̀yìnkùlé ni àgbò Iléyá ti ń dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tiyín lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, bí èmi alára ò tiẹ̀ lè fara balẹ̀ tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá bàbá mi ló ni àgbò kan tó ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ wa. Ó sanra débi pé àwọn ará àdúgbò máa ń yà wá wò ó. Bí wọ́n bá tà á nígbà Iléyá, owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún àbúrò bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí. Àǹtí ti kọ́ṣẹ́ tán, àmọ́ kò ní ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Ọ̀yìngbò ló ṣì ń jókòó sí.

Ni àrùn bá wọ àárín àwọn àgùntàn. Ikun á máa dà nímú wọn, wọn ò ní jẹun mọ́. Àwọn ará ìjọba kéde pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹran tó ń ṣàìsàn, kó má sì tà á. Àwọn ni yóò wá gbé e lọ jó, wọn yóò sì san owó gbà-má-bínú fún ẹni tó ni ín. Àmọ́ ẹran tí wọn ò bá bá láàyè, kò sówó fún un.

Kò pẹ́ tí àgbò wa náà dùbúlẹ̀. Bàbá mi lọ sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ mọ́, a ò rí wọn. Ìyá àgbà á jókòó, á tún dìde. Á lọ wo àgbò, á lọ wo títì. Èmi náà sáré dé ìkóríta, mo sáré padà, kò sí ọkọ̀ ìjọba. Àǹtí ò lọ síbi iṣẹ́, omi ló ń kán sí àgbò lẹ́nu, kó ṣáà ti máa mí títí wọn á fi dé. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ sì yí.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ bá mi pe Alfa wá."

Àǹtí kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti wà lọ́nà. Tí ẹ bá ti pa á, ó parí nìyẹn o!"

Nínú ilé Mùsùlùmí bíi tiwa, ẹran tó bá kú láìjẹ́ pé a fi ọ̀bẹ pa á, tí a ò sì dárúkọ Ọlọ́run lé e lórí, òkúǹbete ni, a kì í jẹ ẹ́. Bí ẹran bá ti fẹ́ kú, kíá là ń wá ọ̀bẹ, kí ó má bàa di òfò. Ṣùgbọ́n eléyìí ti ṣòfò tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹran alárùn.

Àǹtí ní, "Ẹ ò kúkú ní jẹ ẹ́!"

"Torí ọbẹ̀ kọ́ ni mo fi ń pa á," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹran tí mo fọwọ́ mi bọ́ ò ní máa jẹ̀rora lójú mi torí owó ìjọba."

Alfa pa á. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ tí ọkọ̀ ìjọba fi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Dókítà ẹran sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọrùn àgbò.

"Màmá, a ní kí ẹ má pa á. Ọ̀nà ló dí láti Ìjọrà o. Kò sí owó níbẹ̀ mọ́, ẹ má bínú."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kí ẹnì kan pariwo mọ́ ọn. Wọ́n gbé òkú àgbò lọ. Ìyá àgbà bu omi fọ ilẹ̀. Àǹtí wọṣọ, ó gba Ọ̀yìngbò lọ láìdágbére. Ó pẹ́ gan-an kó tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tún bá ìyá rẹ̀ jẹun nínú àwo kan.

Ayé ti yí. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà sí ẹ̀yìnkùlé wa, kò sẹ́ni tó ń ju èèpo iṣu fún ẹran níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ san owó gbà-má-bínú fún àwọn ọlọ́sìn, mo máa ń dìde lọ wo títì, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá Ìyá àgbà dùbúlẹ̀, Àǹtí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá jókòó tì í, ó ń kán omi sí i lẹ́nu, ó sì ń bẹ dókítà pé kí wọ́n ṣáà má jẹ̀ẹ́ kí ìyá òun jẹ̀rora.