Lẹ́tà Tí A Kọ Sí Obìnrin Abókùúsọ̀rọ̀

Ẹ má wo ewú orí mi yìí, èmi náà ti ṣe ọmọdé rí. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ogun abẹ́lé ti parí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mò ń wá iṣẹ́, ẹ̀rù gbogbo nǹkan sì ń bà mí. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa ní Ìkọ̀yà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn ará oko ló ni ín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á tan jẹnẹrétọ̀, á gbé tẹlifíṣọ̀n náà sójú fèrèsé, gbogbo wa á sì jókòó sí àgbàlá. Àwòrán rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò bínú sí i?

Eré kan wà tí a kì í fẹ́ pàdánù. Ó dá lórí obìnrin kan tó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Á ki ọwọ́ bọ abọ́ funfun kan tí omi wà nínú rẹ̀, á pe orúkọ òkú lẹ́ẹ̀mẹta, òkú náà á sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń pè bá ṣì wà láyé, kẹ́kẹ́ á pa. Nígbà náà ni obìnrin náà á sọ pé, "Ẹ máa lọ sílé, kò sí lọ́dọ̀ àwọn òkú."

Ẹ ì bá gbọ́ àròyé wa lórí eré yìí! Kátíkíìsì ṣọ́ọ̀ṣì wa a máa sọ pé, "Iṣẹ́ èṣù pátápátá ni. Ìwọ, gbé orí ẹ kúrò níwájú mi, mi ò rí obìnrin náà dáadáa." Akọpẹ kan ní tirẹ̀ a máa bínú: "Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ará Ìbàdàn ni gbogbo òkú wọn ń sọ̀rọ̀? Ṣé Ìkálẹ̀ kì í kú ni?" Ìyàwó rẹ̀ á dá a lóhùn pé, "Ìwọ kọ́kọ́ kú ná, kí wọ́n lè rí ẹni pè."

Ìyá kan wà láàrin wa tí kì í rẹ́rìn-ín. Gàrí ló ń yan tà, ilé rẹ̀ sì kángun sí tiwa. Àkọ́bí rẹ̀ lọ sójú ogun. Ogun parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé, òun ò padà, lẹ́tà rẹ̀ náà ò sì wá. Àwọn àgbà ẹbí ti pinnu láti ṣe ìsìn ìsìnkú fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sínú pósí dípò òkú. Ìyá náà ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Ní Sátidé kan, wọ́n kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí àwọn tó ń wo eré náà kọ èrò wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, àwọn yóò ka díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn eré. Gbogbo ojú yí sí mi. "Akọ̀wé, gbé bírò!" Mo kọ ti kátíkíìsì, mo kọ ti akọpẹ. Ìyá náà dúró títí àwọn yòókù fi tú ká, ó wá jókòó tì mí.

"Ọma mi," ó pè mí bí a ti ń pe ọmọ ní Ìkálẹ̀, "kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Sọ fún obìnrin yẹn kó bá mi pè é. Tó bá dáhùn, kí wọ́n sin ín. Tí kò bá dáhùn, mo mọ̀ pé ó wà láyé."

Mo fẹ́ sọ pé eré lásán ni, ẹnu mi ò gbà á. Mo kọ orúkọ náà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń tún lẹ́tà náà kọ nílé kó lè mọ́, mo yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Mo sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí, pé mi ò fẹ́ kí gbogbo ayé fi í rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́ fún yín, ojú ń ti èmi náà. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn rò pé ará oko tí kò lajú ni ẹni tó kọ ọ́. Àánú àti ìtìjú dà pọ̀ nínú mi, títí di òní mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ka lẹ́tà wa. Kátíkíìsì dìde, ó tẹrí ba bí ẹni pé wọ́n ń rí i láti Ìbàdàn. Wọ́n ka ti akọpẹ, àwọn fúnra wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kí ará Ìkọ̀yà, ó parí.

"Ó tán?" ìyá náà bi mí.

"Ó tán, Mà."

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa tèmi?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Mà."

Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n náà. Lójijì ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti pè é! Ó pè é, kò dáhùn! Ọmọ mi ò sí lọ́dọ̀ wọn!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹbí, ó ní kò sí ìsìnkú mọ́. Wọ́n jiyàn títí, ó rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá a láti jẹ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bá a níbi tó ti ń rẹ́ ògiri yàrá ọmọ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ra ẹní tuntun síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bu gàrí fún mi, ó ní ọwọ́ mi ni Ọlọ́run lò. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́.

Ọmọ náà ò dé. Nígbà tí ìyá náà kú, àbúrò ọmọ náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yẹn. Ṣé ká sin aṣọ ẹ̀gbọ́n wa pọ̀ mọ́ màmá?" Mo ní kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú wọn. Wọn ò sin aṣọ náà.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí eré bá ṣe ń lọ lẹ ti ń fi ọwọ́ ara yín tẹ èrò yín sórí fóònù, ẹ kì í wá akọ̀wé. Ká ní ìyá yẹn ní fóònù, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kan ì bá fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò yẹn, ẹnì kan ì bá sọ fún un pé, "Ìyá, òṣèré ni obìnrin yẹn o, ẹ má dúró dè é." Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju èyí tí mo lè sọ lọ. Mo jókòó tì í, mi ò sọ ọ́.